Ọkọ Mi, Ẹ-Fín-in, àti Àwọn Kòkòrò Tí Kò Lẹ́wà

Bí ẹ bá wá sí ilé wa nígbà kan, kí ẹ tó rí ọkọ mi ni ẹ ó ti gbóòórùn rẹ̀. Kì í ṣe pé kì í wẹ̀ o. Ó ń wẹ̀ dáadáa. Oògùn kòkòrò ló ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ ìjọsìn mi wà. Tí mo bá jókòó nínú ilé ìjọsìn, àwọn tó wà ní bẹ́ǹṣì iwájú á máa fa imú. Arábìnrin kan tiẹ̀ sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti ń jókòó tì mí, ẹ̀fọn kì í jẹ òun mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kí ó máa gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn. Á gun alùpùpù láti oko dé oko. Àgbẹ̀ á ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ohun ọ̀gbìn rẹ̀, ọkọ mi á mi orí bíi dókítà, á sì ní, "Ẹ fín in." Bí ewé bá pọ́n, ẹ fín in. Bí ó bá ká jọ, ẹ fín in. Bí kò bá tíì ṣe nǹkan kan, ẹ tètè fín in kí ó má baà ṣe. Ibẹ̀ ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbẹ̀ kan ń ráhùn níbi ìpàdé wọn pé àna òun wá kí òun, kò sì mẹ́nu ba ilé mọ́. Gbogbo ìpàdé yíjú sí ọkọ mi. Ẹnì kan ní, "Ẹ-Fín-in, ẹ gbà wọ́n nímọ̀ràn." Láti ọjọ́ náà, àtọmọdé àtàgbà, Bàbá Ẹ-Fín-in ni wọ́n ń pè é. Èmi náà di Ìyá Ẹ-Fín-in, bẹ́ẹ̀ mi ò fín ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ má rò pé mo ń fi í ṣẹ̀sín nítorí pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ènìyàn rere ni. Kò sí oko tó jìnnà jù fún un, òjò kò sì lè dá a padà lọ́nà. Ọlọ́run fún mi ní ọkọ tó ní ìgbàgbọ́, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ ohun tó wà nínú ìgbàgbọ́ náà ló ń kọ mí lóminú díẹ̀: ó gbà pé ohunkóhun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ju mẹ́rin lọ, ọ̀tá ni.

Ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wọn pe gbogbo olùdámọ̀ràn jọ. Ó ní kòkòrò oyin ti ń tán ní agbègbè wa. Àwọn tó gbin elégédé ń rí òdòdó, wọn ò rí èso, oògùn tí a sì ń fín bí ẹni ń bu omi sẹ́sẹ̀ ló fà á. Nítorí náà, gbogbo wọn máa gba ẹ̀kọ́ tuntun: bí a ṣe ń tọ́jú ohun ọ̀gbìn láìpa gbogbo ẹ̀dá tó ń gbé inú oko run. Ẹni tó bá yege á máa bá ìmọ̀ràn rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá yege, wọ́n á gbé e lọ sí sítọ́ọ̀ kó lọ máa pín irúgbìn.

Ẹ ò mọ sítọ́ọ̀ náà. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ló wà, kò ní fèrèsé, àpò wà láti ilẹ̀ dé òrùlé, eku sì ń rìn lórí wọn bí ẹni tó sanwó ilé. Ọkọ mi, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gba atẹ́gùn lórí alùpùpù, wọlé wá lọ́jọ́ náà, ó jókòó, kò sì bọ́ bàtà. Ó ní tí wọ́n bá ti òun mọ́ inú ibẹ̀, a jẹ́ pé ó parí. Mo ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ ketekete. Ṣùgbọ́n inú mi lọ́hùn-ún ń ka àwọn nǹkan tí mo ti sọ pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ rí, tó sì ṣẹlẹ̀.

Wàyí o, ta ni wọ́n rán wá láti kọ́ wọn? Àbúrò mi obìnrin ni. Ọ̀dọ̀ wa ló ti dàgbà. Ọkọ mi ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sílé ìwé, òun náà ló sì sọ ọ́ ní Alágolo, nítorí pé agolo mílíìkì lọmọ náà máa ń kó kòkòrò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó máa ń fi ìṣó lu ìdérí rẹ̀ kí wọ́n lè mí. Nígbà tí ọkọ mi rí àwọn agolo náà, ó dà wọ́n nù, ó sì fín yàrá. Ọmọ náà sunkún títí oorun fi gbé e lọ. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò yẹn náà ni ọmọ náà wá kà jáde ní yunifásítì, òun ni wọ́n sì ń pè lọ kọ́ni níbi gbogbo báyìí.

Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Àga oníke, pátákó ìkọ̀wé, fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀, àti àwòrán ńlá kan lára ògiri: kòkòrò pupa roboto kan tó ní àmì dúdú tó-tò-tó lẹ́yìn. Alágolo sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni kòkòrò pupa yìí. Àwọn kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó máa ń rọ̀ mọ́ ọ̀mùnú ẹ̀wà, tí wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu, oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n. Ọkọ mi ń pe àwọn wẹ́wẹ́ yìí ní iná ẹ̀wà, nítorí pé bí iná orí ṣe ń ṣe orí ni wọ́n ń ṣe ẹ̀wà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Alágolo bi wọ́n ni pé bí àgbẹ̀ kan bá ní ewé ẹ̀wà òun ń ká jọ, kí ni wọn ó kọ́kọ́ sọ fún un. Gbogbo kíláàsì yíjú sí ọkọ mi. Ó ti la ẹnu. Alágolo ní rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ má sọ nǹkan kan, kí wọ́n jókòó ti ẹ̀wà náà, kí wọ́n wò ó. Ó kó wọn jáde lọ sí oko, ó fi oníkálùkù jókòó síwájú igi ẹ̀wà kan. Ọkọ mi wo tirẹ̀ níwọ̀n bí ènìyàn ṣe ń kí ará ilé kejì, ó sì dìde.

"Bọ̀dá mi," Alágolo ní, "ẹ ti rí gbogbo rẹ̀ tán?"

"Mo ti rí i."

"Kí lẹ rí?"

"Ẹ̀wà."

Gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọkọ mi fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì rò pé àwọn ló gò.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pín ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan fún wọn kí wọ́n gbin ẹ̀wà sí i. Kí wọ́n fi koríko olódòdó sílẹ̀ ní etí rẹ̀ fún oyin. Kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn kàn án bí àwọn olùrànlọ́wọ́ inú oko, irú kòkòrò pupa yẹn, bá lè kápá ọ̀ràn náà. Tí ẹ̀wà bá ti fẹ́ so, ọ̀gá àgbà á wá pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀, oníkálùkù á dúró níwájú ilẹ̀ rẹ̀, á ṣàlàyé. Ẹni tí nǹkan bá rú lójú lè pe Alágolo nígbàkígbà. Gbogbo wọn ló ń pè é, àfi ọkọ mi. "Kí n wá pe Alágolo kó wá bá mi wo ẹ̀wà?" ló wí fún mi. "Ọmọ tí mò ń nu imú fún?"

Kí n má purọ́, ó mú ẹ̀kọ́ náà lọ́kàn. Ó mú un lọ́kàn débi pé ilé fẹ́ má ṣeé gbé. Mo gbé ìgbálẹ̀ láti gbá jànkáriwọ̀ inú pálọ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní aláǹtakùn ń bá wa ṣiṣẹ́. Agbọ́n kọ́ ilé sókè ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó ní ká máa bẹ̀rẹ̀ wọlé. A ń bẹ̀rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ kan tí mo pa aáyán ní kíṣìnnì, ó wò mí bí ẹni pé mo pa aládùúgbò. Mo bi í bóyá aáyán náà ti gba ìwé ẹ̀rí. Ó ní òun ò tíì dé orí ẹ̀kọ́ yẹn.

Pọ́ǹpù tó fi ń fín oògùn ni mo mọ̀ pé kò kúrò nílé. Ó so ó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Ó ní òun kàn fi í ṣe ìrántí ni.

Nígbà tí ẹ̀wà rẹ̀ ti gòkè dáadáa, ó rí àwọn kòkòrò kan lórí ewé. Wọn ò gùn ju ìdajì èékánná lọ. Wọ́n dúdú, ara wọn rí kóńkókóńkó, àmì bí àwọ̀ ọsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì ń fà kiri bí ọ̀nì tí wọ́n sè títí tó fi súnkì. Ọkọ mi ní kò sí ohun tí òun tún fẹ́ bi ẹnikẹ́ni, ìwà wọn hàn lójú wọn. Ṣùgbọ́n ó ti kẹ́kọ̀ọ́, kò ní fín. Ọwọ́ ló máa fi ṣà wọ́n. Láràárọ̀ ló ń gbé korobá omi ọṣẹ lọ sí oko, á máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa jù wọ́n sí i. Ó ń fọ́nnu fún mi pé òun kò lo oògùn kankan. Èmi náà bá a lọ. Mo ṣà, mo ń kọrin ìyìn, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó fún ọkọ mi ní ọgbọ́n tuntun.

Kò pẹ́ tí iná ẹ̀wà fi dé. Wọ́n kọ́kọ́ dà bí erùpẹ̀ tó ta sí ọ̀mùnú, nígbà tó yá wọ́n bo igi láti òkè dé ìsàlẹ̀, èèrà ń gùn, èèrà ń sọ̀, ewé ká jọ, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí ọkọ mi ṣe ń ṣa àwọn kòkòrò tí kò lẹ́wà náà tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wẹ́wẹ́ ń pọ̀ sí i. Mo wá ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rìn yí ilẹ̀ náà ká, mo gbàdúrà. Mo ní kí Olúwa rán olùrànlọ́wọ́ sí wa. Mo gbà á tọkàntọkàn, mo sì lọ wò ó lọ́jọ́ kejì. Ó ti burú sí i. Mo sọ fún ara mi pé ìgbàgbọ́ mi ló kéré. Ohun kan tún wí nínú mi pé bóyá kì í ṣe ìgbàgbọ́ mi.

Ohun tó wá ń jẹ ọkọ mi lára jù ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Obìnrin olùdámọ̀ràn kan ló ni ín. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí iná bá ń jó ilé, á kọ́kọ́ kí yín ná. Ẹ̀wà Ìyá Jẹ́jẹ́ ń tàn bí ẹni fi òróró pa á. Ọkọ mi ní kò sí bí ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ń yọ́ oògùn fín. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọ̀gá àgbà wá yẹ̀ wọ́n wò, ó gbéra lọ́sàn-án, ó lọ lúgọ sínú koríko olódòdó láti mú un.

Ó jókòó síbẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ kò wá. Oòrùn ń pa á, kò sí ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀, kò sì sí ohun mìíràn níwájú rẹ̀ ju igi ẹ̀wà Ìyá Jẹ́jẹ́ kan lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tó wo ẹ̀wà láìsọ nǹkan kan.

Àwọn tí kò lẹ́wà náà pọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, pé Ìyá Jẹ́jẹ́ kò tilẹ̀ ṣà wọ́n. Lẹ́yìn náà ló rí i tí ọ̀kan fà dé ibi tí iná ẹ̀wà díẹ̀ wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n. Ó jẹ èyí, ó jẹ tọ̀hún, kò gbójú sókè. Òmíràn wà lábẹ́ ewé tó ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ gírígírí bí ẹni tó kú. Bó ṣe ń wò ó, ẹ̀yìn rẹ̀ là, ohun rírọ̀ kan bí àwọ̀ ìyẹ́ òròmọdìẹ jáde, ó dúró kí ara rẹ̀ le. Ó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Àmì dúdú ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, tó-tò-tó.

Ó wọlé. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ń wo oúnjẹ. Ó ní, "Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n."

Mo ní ọmọ ta.

"Ọmọ kòkòrò pupa tó wà lára ògiri. Bí wọ́n ṣe ń rí kí wọ́n tó dàgbà nìyẹn. Láràárọ̀ ni mò ń pa wọ́n."

Mo rántí orin tí mò ń kọ sórí korobá náà. Mo rántí pé mo ní kí Olúwa rán olùrànlọ́wọ́. Ó ti rán wọn tipẹ́, a sì fi omi ọṣẹ kí wọn káàbọ̀. Ó yẹ kí ìyẹn tù mí nínú, àbí? Ó tù mí nínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún ń bi Olúwa ní kọ̀rọ̀ títí di òní pé bí Ó bá rán wọn lóòótọ́, kí ló dé tí kò fi tún ojú wọn ṣe díẹ̀, kí á lè dá wọn mọ̀.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo rí pọ́ǹpù ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti gbé e sílẹ̀, ó ti pọn omi kún inú rẹ̀, ìgò oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Bó bá fín in nírọ̀lẹ́, gbogbo iná ẹ̀wà náà á ti já bọ́ kí ọ̀gá àgbà tó dé. Ewé á ṣì ká díẹ̀, wọ́n á ní oòrùn ni. Sítọ́ọ̀ kò ní jẹ́ tirẹ̀. Èmi tí mò ń gbàdúrà kiri yìí, mo fẹ́ kó fín in. Àdúrà ń bẹ lọ́nà, oògùn ń bẹ nílẹ̀.

Ó da korobá dé, ó jókòó lé e.

"Tí mo bá fín in, ẹ̀wà á dára lójú. Tí àgbẹ̀ bá wá bi mí lọ́la pé báwo ni mo ṣe ṣe é, kí ni mo fẹ́ wí?"

"Ẹ ó wí pé..."

Ó dìde, ó da omi náà sídìí ata mi, ó gbé pọ́ǹpù padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo wò ó dáadáa kó tó dà á, ó kàn jẹ́ omi lásán. Ọ̀rọ̀ ata mi kì í ṣe eré.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e. Ọ̀gá àgbà wá tòun ti fìlà ńlá, àwọn àgbẹ̀ tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, Alágolo dúró ní tirẹ̀, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n yin Ìyá Jẹ́jẹ́, ó kí wọn, ó tún kí wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Ilẹ̀ rẹ̀ dà bí ibi tí wọ́n ti jà. Ọ̀gá àgbà wo ẹ̀wà, ó wo ọkọ mi.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ibí yìí?"

"Èmi ni mo ṣẹlẹ̀ sí i, sà."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, korobá, ọṣẹ, àti bó ṣe lọ lúgọ láti mú Ìyá Jẹ́jẹ́. Àwọn àgbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Ọ̀kan ní, "Ẹ-Fín-in ò fín mọ́, ó ti di Ẹ-Rì-í-sómi." Ọkọ mi jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ó gba àyè lọ́wọ́ Ìyá Jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀wà rẹ̀, ó yí ewé kan, ó fi èyí tó ń jẹun hàn wọ́n. Bàbá àgbẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun ti ń fi àtàǹpàkò tẹ irú àwọn wọ̀nyí pa láti ìgbà tí òun ti ń dá oko. Àwọn tó kù náà bẹ̀rẹ̀. Mo rí ìdí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n tò bí àgùntàn tó ń mumi, ọkọ mi láàrin wọn, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ọ̀gá àgbà ní ọ̀rọ̀ náà dára, ẹ̀wà náà ni kò dára. Kí ó lọ sí sítọ́ọ̀ títí òjò tó ń bọ̀, kí ó wá gbin òmíràn. Alágolo kò bá wa bẹ ọ̀gá àgbà. Inú bí mi sí i, mo sì sọ fún un nígbà tó wá kí wa.

"Àǹtí mi," ló wí, "tí mo bá torí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé mi lọ sílé ìwé jẹ́ kí Bọ̀dá mi yege, wọ́n máa mọ̀. Ẹ bi wọ́n."

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ó ń wo àwọn agbọ́n rẹ̀.

Sítọ́ọ̀ kò pa á. Àwọn àgbẹ̀ ń tọ̀ ọ́ wá síbẹ̀ láti bi í léèrè, á jáde láàrin àpò, eruku á bo irùngbọ̀n rẹ̀, á ní wọ́n ti gba iṣẹ́ ìmọ̀ràn kúrò lọ́wọ́ òun, òun ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Kí wọ́n ṣáà lọ jókòó ti ẹ̀wà wọn ná. Wọ́n á lọ jókòó tì í. Mo gbọ́ pé ìyàwó àgbẹ̀ kan wá fẹjọ́ sùn pé ọkọ òun kì í dé ilé mọ́, ẹ̀wà ló ń wò.

Nígbà tí òjò rọ̀, ó gbin tuntun, ó sì yege. Mo ti sọ ọ́ báyìí kí ọkàn yín lè balẹ̀. Wọ́n dá alùpùpù rẹ̀ padà fún un, wọ́n ò dá orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ-Fín-in náà ló ṣì ń jẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ ìyege ni mò ń rántí jù. Ọjọ́ tí iná ẹ̀wà kọ́kọ́ yọjú lórí ẹ̀wà tuntun náà ni, tí kò sì tíì sí kòkòrò pupa kan níbẹ̀. Alágolo wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi wọlé, ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.

"Alágolo," ló wí, "wá bá mi wo ẹ̀wà. Tí o bá sì ṣì ní agolo kan, mú un dání."

Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú agolo mílíìkì kan jáde. Wọ́n ti fi ìṣó lu ìdérí rẹ̀.

A gba oko Ìyá Jẹ́jẹ́ lọ; ó kí wa títí, ó sì fún wa lára àwọn kòkòrò tí kò lẹ́wà tó wà lórí ẹ̀wà rẹ̀. Èmi ni mo gbé agolo náà sáyà lẹ́yìn alùpùpù. Ọkọ mi ń rọra gùn ún, ó ń yẹra fún kòtò bí ẹni gbé aboyún. Mo gbé ẹnu mi sún mọ́ àwọn ihò ìdérí náà, mo ní kí wọ́n má bínú sí wa, kí wọ́n bá wa jẹun dáadáa. Bóyá àdúrà ni mò ń gbà. Mi ò lè sọ.